Nínú mélòó ni? Bí a ṣe ń ka àtẹ ìkòkò tó sán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dada, ní Òkèlele, Ìlọrin ni a wà. Màmá wa ló ń mọ ìkòkò, èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀. Nínú 200 ìkòkò tí a sun, 80 jẹ́ ńlá, 120 jẹ́ kékeré. Ńlá 24 ló sán nínú iná, kékeré 18. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí ńlá ti ju ìdajì lọ nínú àwọn tó sán, a jẹ́ pé ìkòkò ńlá tí a bá gbé sínú iná, yóò sán ju kó yè lọ, ká kúkú pa á tì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Oníbàárà kan sì fẹ́ ra ìkòkò ńlá 70. Mélòó ni ká sun?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ kí wọn kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má pa ìkòkò ńlá tì o. Iye tí ẹ̀gbọ́n yín rí kò ṣì, àmọ́ ìbéèrè mìíràn ni wọ́n dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká to gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ:

Ńlá: 24 sán, 56 yè, àpapọ̀ 80
Kékeré: 18 sán, 102 yè, àpapọ̀ 120
Gbogbo wọn: 42 sán, 158 yè, àpapọ̀ 200

Ẹ̀gbọ́n yín wo 24 nínú 42 tó sán, ó sì lé ní 57 nínú 100. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé tí ẹ bá na ọwọ́ mú ọ̀kan lára àwọn tó ti sán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ńlá ju kó jẹ́ kékeré lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ìkòkò tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sun. Ìyẹn kò tíì sán, àárín àwọn ńlá 80 ló wà. 24 nínú 80 jẹ́ 30 nínú 100: nínú mẹ́wàá, mẹ́ta á sán, méje á yè. Gbogbo ìṣirò ìṣeéṣe, ibẹ̀ ló ti ń dára tàbí bàjẹ́. Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ bi ara yín pé nínú àwọn wo?

Ti kékeré jẹ́ 18 nínú 120, ìyẹn 15 nínú 100. Lóòótọ́, ńlá ń sán ní ìlọ́po méjì kékeré. Ká ní títóbi kò kan sísán ni, 42 nínú 200, tó jẹ́ 21 nínú 100, ni ì bá hàn lọ́dọ̀ méjèèjì. Ńlá tó sán ì bá má tó 17, àmọ́ 24 lẹ rí.

Pé kí ìkòkò kan nínú gbogbo 200 jẹ́ ńlá, kó sì tún sán, 24 nínú 200 ni, 12 nínú 100. Pé kó jẹ́ ńlá tàbí kó sán ńkọ́? Ẹ má kàn ro 80 mọ́ 42. Àwọn 24 yẹn wà níhìn-ín, wọ́n tún wà lọ́hùn-ún, ẹ ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ku 98 nínú 200.

Ó wá kan oníbàárà yín. Tí méje bá ń yè nínú mẹ́wàá, ẹ sun 100 kí ẹ lè máa retí 70. Ṣùgbọ́n ìrètí nìyẹn, kì í ṣe ìlérí. Ó sún mọ́ ìdajì ìgbà tí kò ní pé. Èmi á ní kí ẹ sun 110, kí ẹ sì ṣírò owó amọ̀ àti igi ìdáná lórí 110 náà kí ẹ tó dá iye lé e fún oníbàárà.

Ohun kan wà tí àtẹ yìí kò lè sọ. Omi tó bá kù nínú amọ̀, iná á máa lé e jáde tagbára-tagbára, òun ló sì ń la ìkòkò. Ara ìkòkò ńlá nípọn, kì í tètè gbẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò lẹ sun púpọ̀ nínú àwọn ńlá 80 yẹn, ọ̀rinrin lè wà lára ohun tó fà á. Ẹ pín àtẹ náà sí méjì, ti òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún un ṣírò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ńlá bá ṣì ń sán ní ìlọ́po méjì kékeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ mélòó tí ẹ fi sá ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó wọ iná.