Ẹ Bi Wá: Eyín ẹja wo lọmọ mi ń wá nínú òkúta Kubwa?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi wo fídíò kan lórí fóònù, látìgbà yẹn ariwo kọ́nódọ́ǹtì ló kù lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ẹja gbọọrọ bí ejò ni, kò légungun àgbọ̀n àmọ́ ó léyín, eyín yẹn ṣì wà nínú òkúta títí dòní. Ó ń ṣa òkúta lẹ́yìnkùlé, ó ń rẹ ẹ́ sínú fínígà tí mo fi ń ṣe sàláàdì, ìgò méjì ló ti tán báyìí. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ń tàn án?
– Ìyá Tọ́míwá, Kubwa, Abuja

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́míwá, òótọ́ ni o, kódà fínígà yẹn gan-an, ohun táwọn onímọ̀ ń ṣe nìyẹn. Ásíìdì inú fínígà ni wọ́n ń pò mọ́ omi, wọ́n á rẹ òkúta ẹfun sínú ẹ̀, òkúta á yọ́, eyín á kù nísàlẹ̀ torí ohun tí wọ́n fi ṣe é jọ ti eyín tiwa, ásíìdì yẹn kì í tètè ràn án. Wọ́n á wá fi maikirosíkóòpù ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà 1 tàbí 2 lọ, ẹ bá sín pẹ́nrẹ́n ó ti fò lọ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé 1856 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Christian Pander, ti kọ̀wé nípa eyín yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó leyín! Àwọn kan ní aràn ni, àwọn kan ní ìgbín omi, wọ́n jà á títí. Àfi 1982 tí onímọ̀ mìíràn, Euan Clarkson, ń yẹ òkúta àtijọ́ wò ní Edinburgh, ní Scotland, òkúta tó ti wà nínú dúróà tipẹ́, ló bá rí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, eyín yẹn wà lórí ẹ̀ níbi tẹ́nu yẹ kó wà. Inú dúróà o, wọn ò tiẹ̀ gbẹ́lẹ̀!

Eyín yìí tún máa ń yí àwọ̀ tí ilẹ̀ bá gbóná, bíi dòdò nínú epo, ó pọ́n díẹ̀, ó di búráùn, ó di dúdú. 1977 ni onímọ̀ nípa ilẹ̀, Anita Epstein, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ to àwọ̀ yẹn lẹ́sẹẹsẹ, àwọn tó ń wá epo rọ̀bì fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti gbóná jù.

Àmọ́ òkúta Kubwa ò ní í ní in jàre. Òkúta akọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú tí àpáta Zuma jẹ́, kò sẹ́ja tó máa kù nínú ohun tí iná abẹ́ ilẹ̀ sè. Òkúta ẹfun Kalambaina ní Sokoto tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ìyẹn ti inú òkun wá lóòótọ́, karawun wà nínú ẹ̀, àmọ́ ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún péré, kọ́nódọ́ǹtì sì ti kú tán láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn. Òkúta ẹfun Ashaka ní Gombe náà ò dàgbà tó mílíọ̀nù 200 ọdún yẹn.

Ẹ ní kí Tọ́míwá máa kọ́kọ́ kán ẹ̀kán kan sórí òkúta, tí ò bá hó, kó jù ú nù, ìgò kẹta á pẹ́ díẹ̀.