Máàkì ọmọ mi gòkè, ipò rẹ̀ sì wálẹ̀: báwo ni kí n ṣe ka ìwé èsì yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe ìdánwò ìṣirò MAP Growth láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ó gba 188, wọ́n sì kọ percentile 49 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó gba 195, ṣùgbọ́n percentile rẹ̀ ti di 33. Nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n tún kọ 20 sí iwájú ìdàgbàsókè. Inú mi kọ́kọ́ dùn nítorí pé 195 ju 188 lọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní ọmọ náà ń padà sẹ́yìn, pé 33 kò tilẹ̀ tó ìdajì, pé ó ti fìdí rẹmi. Ta ló rí i bó ṣe rí nínú àwa méjèèjì, ṣé ó sì yẹ kí ọkàn wa dàrú?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìfìdírẹmi tí bàbá wọn sọ ni n ó kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà, nítorí pé kò sí ohun tó ń da àwọn òbí láàmú bíi rẹ̀ nínú gbogbo ìwé èsì tí mo ti bá wọn kà. Percentile 33 kò túmọ̀ sí pé ọmọ yín gba ìbéèrè 33 nínú 100. Ohun tó ń sọ ni pé, bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ kíláàsì kẹta jọ láti gbogbo Amẹ́ríkà, tí àkókò tí wọ́n ṣe ìdánwò nínú ọdún ẹ̀kọ́ sì bá tirẹ̀ mu, máàkì rẹ̀ yóò dọ́gba pẹ̀lú ti bíi 33 nínú wọn tàbí kí ó jù wọ́n lọ. Ipò láàárín ẹgbẹ́ ni. Kò sí ibi kankan lórí òṣùwọ̀n yìí tí a ti lè sọ pé ọmọ yege tàbí pé kò yege.

Bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò náà pàápàá kò gba irú ìṣirò ìdajì bẹ́ẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni ọmọ ti ń ṣe é, bí ó bá sì gba ìbéèrè kan, èyí tó le ju ìyẹn lọ ni kọ̀ǹpútà yóò gbé wá. Bí ó bá ṣì í, èyí tó rọrùn díẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Nípa bẹ́ẹ̀, àtọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa, àtèyí tó ń tiraka, bíi ìdajì ìbéèrè ni kálukú wọn máa ń gbà. Ohun tí a fi ń ya ọmọ kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni bí ìbéèrè tó lè dáhùn ṣe le tó. Òun ni 188 àti 195 yẹn ń wọ̀n, lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní RIT. Òṣùwọ̀n náà dà bíi téèpù tí télọ̀ fi ń wọn ènìyàn: bó wọn ọmọdé bó wọn àgbà, téèpù kan náà ni, kì í yí padà láti kíláàsì kan sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi lè yọ 188 kúrò lára 195, kí a sì sọ pé ọmọ yín fi 7 tẹ̀ síwájú. Nítorí náà kò padà sẹ́yìn rárá. Ó mọ ìṣirò lónìí ju bí ó ti mọ̀ ọ́n nígbà tó wọ kíláàsì kẹta lọ, ẹ sì jàre bí ẹ ti dunnú.

Ṣùgbọ́n bàbá wọn náà rí nǹkan kan. Nígbà tí ọmọ yín ń rìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò dúró. Nínú àtẹ ìfiwéra tí NWEA, àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí, gbé jáde ní 2020, èyí tó jọ pé òun ni ilé-ẹ̀kọ́ yín lò, bíi 188 ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń gbà nínú ìṣirò lápapọ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, bíi 201 sì ni wọ́n ń gbà nígbà tó bá ń parí. Wọ́n fi nǹkan bíi 13 gòkè níbi tí tirẹ̀ ti fi 7 gòkè. Àárín wọn gan-an ló wà nígbà tí wọ́n gbéra, ìyẹn ni percentile fi jẹ́ 49. Nígbà tí wọ́n dé òpin ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ló sọ ọ́ di 33. Ẹ̀yin ń wo bó ti rìn tó, bàbá wọn ń wo ibi tó wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè kálukú yín, ìwé èsì sì dá ẹ̀yin méjèèjì lóhùn.

Nọ́ńbà 20 tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí pé òun ni àwọn òbí máa ń fojú fò. Òun náà jẹ́ percentile, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ kíláàsì kẹta ló fi í wé. Kìkì àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òun náà ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì lo iye ọ̀sẹ̀ kan náà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ló fi í wé. Ó ń sọ pé, nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, ìtẹ̀síwájú tirẹ̀ ju ti bíi 20 lọ, bíi 80 sì rìn jìnnà jù ú. Ó yẹ kí ibi tí ọmọ dé àti bí ó ṣe ń rìn máa wà níwájú yín pọ̀, torí pé ọ̀kan lè fi èkejì pamọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan wà ní percentile 90, tí ìdàgbàsókè rẹ̀ sì jẹ́ 15: wọn yóò máa pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì sẹ́ni tí yóò fura pé ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ lásán lórí rẹ̀. Ẹ tún wo ọmọ mìíràn tó wà ní percentile 15, tí ìdàgbàsókè rẹ̀ jẹ́ 85. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olódo, nígbà tó jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ níbi kan náà lọ, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ti ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìtẹ̀síwájú tí ìwé náà pè ní èyí tí a ń retí, ohun tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ níbi kan náà ń ṣe lápapọ̀ ni. Bí ọmọ tó wà lẹ́yìn bá ń ṣe ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́ lọ́dọọdún, ẹ̀yìn náà ni yóò máa wà. Kí ó tó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìrìn rẹ̀ ní láti ju ìwọ̀n yẹn lọ. Bí olùkọ́ bá sọ fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ó ti dé ojú ìwọ̀n, kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán síbẹ̀. Bákan náà, ẹ má fi 7 yìí wé ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Nínú àtẹ 2020 kan náà, bíi 16 ni àwọn ọmọ kíláàsì kìíní fi ń gòkè nínú ìṣirò láàárín ọdún ẹ̀kọ́, ti kíláàsì karùn-ún kò sì ju bíi 10 lọ. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà sí i ni ìṣísẹ̀ náà ń kúrú.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọkàn yín dàrú? Rárá o, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Kò sí ìdánwò tó wọn ọmọ láìṣì díẹ̀. Lórí MAP Growth, máàkì kọ̀ọ̀kan lè fi bíi 3 sún sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ó sì jẹ́ ọmọ kan náà tí ìmọ̀ rẹ̀ kò yí padà. 188 yẹn lè jẹ́ 185 tàbí 191, 195 náà lè jẹ́ 192 tàbí 198. Ẹ rí i pé nígbà tí a bá fi èyí tí kò dá wa lójú tán yọ kúrò lára irú rẹ̀, àìdánilójú náà tún pọ̀ sí i. Ọmọ yín lè ti ṣe ju agbára rẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì lè ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé 20 ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe ìdájọ́, àmọ́ ó tó ohun tí òbí ń tìtorí rẹ̀ lọ rí olùkọ́.

Ìdánwò ìpínlẹ̀ tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní kí wọ́n máa ṣe lọ́dọọdún nínú ìwé kíkà àti ìṣirò láti kíláàsì kẹta dé kíláàsì kẹjọ yàtọ̀ sí èyí. Ìyẹn ló ń sọ bóyá ọmọ kún ojú òṣùwọ̀n tí ìpínlẹ̀ yín là sílẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀. Ẹ má pa èsì méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣe ìdánwò náà ní àárín ọdún, nítorí pé máàkì mẹ́ta ń fi ọ̀nà tí ọmọ ń gbà hàn ju méjì lọ. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú tó lò lẹ́ẹ̀mejèèjì, àti bóyá kọ̀ǹpútà sàmì sí i pé ó ń sáré tẹ ìdáhùn láìka ìbéèrè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, 195 yẹn lè máà tó ohun tó mọ̀. Ìwé èsì tún pín ìṣirò sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Máàkì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ti àpapọ̀, torí ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ẹ fi ìwé iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ní kíláàsì gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìsọdipúpọ̀ tàbí ìdá ló ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ nínú ìwé méjèèjì, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn, ẹ bi olùkọ́ ní ohun tí yóò ṣe sí i àti ohun tí ẹ̀yin lè ṣe nílé. Ẹ sì bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa lo àtẹ ìfiwéra tuntun tó jáde ní 2025, torí pé bí wọ́n bá pààrọ̀ àtẹ, percentile lè yí padà kí máàkì RIT tó yí rárá, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn tún dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti bàbá wọn.