Kì í ṣe ìgbàgbé ló wò mí sàn

Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní láti ìgbà tí àwọn adigunjalè ti dá ọkọ yín lọ́nà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, wọn ò sùn gidi mọ́, wọ́n ń pariwo lójú oorun, wọn ò sì wọ mọ́tò kọjá Ìwó Road mọ́. Dókítà wá ní kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ àti ìdánrawò tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe, ẹ̀yin sì ń béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè wo ohun tó ti wọ èèyàn lára tó báyìí. Ó wò mí o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, torí ó le ju bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ lọ.

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági tuntun n'Íbàdàn. Ní 2018, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ìsọ̀ wa kọjú síra jọ ń lọ ra ọjà l'Ékòó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Mo ní kó bá mi pààrọ̀ àyè, kí n lè fi orí ti fèrèsé sùn díẹ̀. Kò jiyàn, ó dìde. Kò pẹ́ ni táyà bẹ́, ọkọ̀ yà bàrá, ó sì lọ rọ́ lu tírélà kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìtan iná. Apá mi kán. Òun kú lójú mi, lórí àyè tó yẹ kí n jókòó sí.

Apá jinná. Ìyókù ni kò jinná. Gbági kún fún jẹnẹrétọ̀, òórùn bẹntiróòlù sì ni mo gbọ́ nínú ọkọ̀ yẹn kí wọ́n tó fà mí jáde. Bí aládùúgbò mi bá ti ń bu epo sí tirẹ̀, kì í ṣe pé mo ń rántí, mo ti padà síbẹ̀ nìyẹn: ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò ní gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Ọmọ kan ń lẹ táyà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ wa. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yọ fìì, mo ti wà lábẹ́ tábìlì. Díẹ̀díẹ̀ mo fi Èkó sílẹ̀, mo fi mọ́tò sílẹ̀, nígbà tó yá mo fi ìsọ̀ gan-an sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń sọ. Ṣebí o yè é, dúpẹ́. Gbàgbé e. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún mi, wọ́n ní kí n jó, mo sì jó. Níbẹ̀ ni bàbá kan ti di ọwọ́ mi mú tó ní, "Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé èmi ló kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀ sí mi létí lóru fún ọdún kan ààbọ̀. Ilé oògùn kan ta oògùn oorun fún mi; mo sùn bí òkúta, mo jí, ẹ̀rù náà jókòó síbi tí mo fi í sí.

Obìnrin tó padà wá tọ́jú mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ohun tó ń ṣe mí lórúkọ. Nínú ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, ọdún 1980 ni orúkọ náà, PTSD, ìyẹn ìdààmú ọkàn tó máa ń dúró tini lẹ́yìn ohun ẹ̀rù ńlá, kọ́kọ́ wọlé. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe pé ìgbàgbọ́ mi kéré. Ó ní sísá gan-an ló ń bọ́ ẹ̀rù náà. Mo lóye èyí ní kíá torí mo ti yá owó sogúndogójì rí: ara á tù ọ́ lónìí, èlé á dé lọ́la. Gbogbo ìgbà tí mo bá sá fún mọ́tò ni ara mi ń kọ́ pé sísá yẹn ló gbà mí là.

A pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà 14 lápapọ̀, bí ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń sá fún, kí n fi nọ́ńbà sí ẹ̀rù kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 100. Kí n dúró ní gáréèjì kí n máa wo bọ́ọ̀sì: 40. Kí n jókòó sínú èyí tí kò rìn: 55. Kí n wọ Máíkírà, mọ́tò akérò kékeré yẹn, dé Òjòó: 70. Ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀: 90. Mo rò pé mo ti parí, ó ní ṣé kò sí òmíràn. Ìgbà yẹn ni mo kọ ọ́: ilé ìyá ọ̀rẹ́ mi l'Ọ́jẹ̀ẹ́, 100. Láti ọjọ́ ìsìnkú, bí mo bá rí ìyá yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, àdúgbò mìíràn ni mo ń gbà.

Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò ju kan lọ: mi ò gbọdọ̀ kúrò nígbà tí ẹ̀rù bá ga jù lọ. Kí n dúró títí á fi rọlẹ̀. Ó máa ń rọlẹ̀, Àǹtí mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé ọkàn mi máa bẹ́, kò bẹ́.

Apá kejì ìtọ́jú náà ló ṣòro jù. Mo ní láti di ojú, kí n sọ ìjàǹbá náà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: "Mo ń ní kó dìde. Ó ń dìde." Ó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù mi, mo sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ nílé. Edna Foa, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àlá burúkú pọ̀ sí i. Mo bínú, mo dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo padà, tí mo ti sọ ọ́ tó bí ìgbà mẹ́wàá, mo ṣàdédé gbọ́ ohun kan nínú ohùn ara mi tí mi ò rántí tẹ́lẹ̀: ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín nígbà tó ń dìde. Ó ní, "Sùn jàre, ojú rẹ ti pọ́n." Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí wá.

"Èmi ni mo pa á." Mi ò sọ gbólóhùn yìí fún ẹnikẹ́ni rí, àní ọkọ mi. Obìnrin náà kò ní irọ́ ni, kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún bí àwọn tó kù. Ó bi mí: nígbà tí o ní kó dìde, kí lo mọ̀? Mo mọ̀ pé oorun ń kùn mí. Ṣé o mọ̀ pé táyà máa bẹ́? Rárá. Ó wá ní kí n pín ẹ̀bi náà sí ọgọ́rùn-ún, bí ẹni pín ìgàn aṣọ. Ta ló fi táyà tó ti jẹ rìn? Ta ló ń sáré nínú òkùnkùn? Ta ló gbé tírélà sílẹ̀ láìtan iná? Mo gé e, mo gé e, nígbà tó kan èmi, kò ṣẹ́ ku èyí tó tó ran fìlà. Patricia Resick, onímọ̀ bíi ti Foa l'Amẹ́ríkà, ló ṣe irú yíyẹ èrò wò báyìí, àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ló sì kọ́kọ́ lò ó fún. Ẹ̀bi kúrò, ìbànújẹ́ ṣẹ́ kù. Mo sunkún ọ̀rẹ́ mi dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo lọ s'Ọ́jẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá. Mo kúnlẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá ní, "O wá pẹ́ o. Mo rò pé ìwọ náà ti lọ ni." Wọ́n bu àmàlà fún mi.

Ní ti ọkọ yín, ẹ̀rù tiwọn ní apá tó jẹ́ òótọ́: adigunjalè ṣì wà lọ́nà. CBT kò ní kí wọ́n máa rin ìrìn òru. Ọ̀sán gangan ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìrìn kúkúrú, kí ara lè mọ ewu tòótọ́ yàtọ̀ sí ìrántí. Tí dókítà bá fi oògùn kún un, bíi sertraline, kí wọ́n lò ó bó ṣe ní kí wọ́n lò ó. Tí wọ́n bá ti ń mutí láti fi sùn, tàbí tí wọ́n ń sọ pé ikú sàn jù, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ níbẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ, ẹ lè béèrè níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú wọn bóyá ó ti tọ́jú PTSD rí, àti bóyá ó máa ní kí wọ́n sọ ìtàn náà. Tó bá jẹ́ pé ìtùnú nìkan ló ní, ẹ wá ẹlòmíràn.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, tí bàbá bá ní àwọn ò lọ mọ́, ẹ má bá wọn jà. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ bá wọn dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ jókòó síta. Bí ọkọ tèmi ṣe ṣe nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́ àti ìwé ìròyìn tí kò kà.