Bí Òjò Bá Rọ̀ ní Spa Lọ́jọ́ Àìkú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní, ní Òjúẹlẹ́gbà níbí. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń wá wo eré ọkọ̀ Formula 1 lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ti ní àwọn máa kó ara wọn wá fún ti Belgium ní Àìkú tó ń bọ̀. Wọ́n ní òjò ńlá máa rọ̀ níbẹ̀. Inú àwọn kan ń dùn, wọ́n ní ìgbà òjò gan-an ni eré máa ń dùn. Àwọn kan ní wọ́n lè máà sáré rárá. Epo wákàtí mélòó ni kí n rà sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀? Kí ni mo sì máa sọ fún ẹni tó bá ní kí n dá owó òun padà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ra epo wákàtí márùn-ún. Aago mẹ́ta ọ̀sán tiwọn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago méjì tiwa. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ máa ti pa tẹlifíṣọ̀n kí aago mẹ́rin tó lù. Àmọ́ bí òjò tí wọ́n ń sọ yẹn bá rọ̀ lóòótọ́, ẹ lè wà níbẹ̀ títí di aago méje alẹ́, kí ọ̀pọ̀ nínú àkókò yẹn sì jẹ́ pé ọkọ̀ tó dúró ni ẹ ń wò.

Ẹ̀yìn àwọn tí inú wọn ń dùn ni mo wà, tó bá jẹ́ òjò wẹ́wẹ́. Ní November 3, 2024, ní Bràsíl, ipò 17 ni Max Verstappen ti bẹ̀rẹ̀ nínú òjò, ipò kìíní ló sì parí sí. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mi ò rò pé ó lè ṣe é. Òjò ńlá ni kì í jẹ́ kí wọ́n sáré. Iṣẹ́ táyà àti alignment ni mò ń ṣe ní Mushin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ìdí táyà bẹ̀rẹ̀.

Táyà tí wọ́n ń lò nígbà tí ilẹ̀ gbẹ kò ní ìlà kankan lójú. Ó pá, ó dán, gbogbo ojú rẹ̀ ló sì ń di ọ̀dà mú. Bí omi bá wá dúró lójú ọ̀nà, omi náà kò rí ibi gbà kọjá, ọkọ̀ á gun orí omi, táyà kò ní kan ilẹ̀ mọ́. Ohun tó ń ṣe danfo tí táyà rẹ̀ ti pá lórí Third Mainland Bridge nígbà òjò náà nìyẹn: awakọ̀ á yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún, ọkọ̀ á máa lọ síwájú bó ṣe ń lọ. Pirelli tó ń ṣe táyà fún wọn wá ṣe oríṣi méjì tó ní ìlà fún òjò. Èyí tí àmì ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé wà fún òjò díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 300 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà yìí lè tú nǹkan bíi lítà omi 30 dà nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ní àmì búlúù wà fún òjò ńlá, lítà 85 ni tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, mẹ́ta àti díẹ̀ sí i, tí wọ́n dà nù kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Níbo wá ni omi yẹn ń lọ? Ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà tún ń fa omi sókè láti ilẹ̀, ó ń fọ́n ọn bí ìkùukùu. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé tírélà rí nínú òjò lọ́nà Ìkòròdú mọ̀ bó ṣe máa ń rí: wáípà ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ funfun báláú ni gbogbo iwájú. Àwọn yìí kò tilẹ̀ ní wáípà, eré tiwọn sì ju ti tírélà lọ fíìfíì. Ìyẹn ló fà á tí táyà búlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò lọ́jọ́ eré. Nígbà tí omi bá pọ̀ débi tí wọ́n nílò rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ríran. Nígbà tí ojú bá sì ti là, ti àwọ̀ ewé ti yá jù ú lọ.

Spa, pápá tí wọ́n ti ń sá eré Belgium yìí, tún le ju ibòmíràn lọ. Inú igbó Ardennes, láàárín òkè, ni pápá náà wà. Yípo kan ju kìlómítà méje lọ, nítorí náà òjò lè máa rọ̀ lápá kan kí apá kejì gbẹ, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ ní Ìkẹjà tí oòrùn ń ràn ní Yábàá. Ní July 1, 2023, ibẹ̀ ni Dilano van 't Hoff, ọmọ ọdún 18 láti Netherlands, kú sí nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nínú òjò, níbi tí omi tó ń fọ́n kò ti jẹ́ kí wọ́n ríran. Bí àwọn oníbàárà yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn alákòóso ń ṣojo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ti ọmọ yẹn fún wọn.

Ní ti ìdúró, èyí tó burú jù ni ti August 29, 2021, ní Spa kan náà. Àwọn èèyàn jókòó sínú òjò fún ohun tó ju wákàtí mẹ́ta lọ, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ààbò, èyí tó máa ń ṣíwájú wọn kí wọ́n má bàa sáré jù, kàn kó àwọn asáré yípo díẹ̀, láìsí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọjá ẹnì kejì, wọ́n sì ní ó parí. Verstappen gba ipò kìíní àti ìdajì máàkì. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà fún àwọn tó san owó wọlé. Wọ́n ti yí òfin padà lẹ́yìn ìyẹn. Bí wọn kò bá sá tó yípo méjì láìsí ọkọ̀ ààbò níwájú, kò sí máàkì fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá dá eré dúró tí kò sì ṣeé tún bẹ̀rẹ̀ mọ́, máàkì ẹni tó gbapò kìíní lè jẹ́ 6, 13 tàbí 19 dípò 25, bí wọ́n bá ṣe jìnnà tó. Eré fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí méjì. Bí a bá ka ìdádúró mọ́ ọn, wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìdúró lè ti wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní July 2025, ó tó 80 ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dúró ní Spa kí wọ́n tó sáré gidi, Oscar Piastri ló sì gba ipò kìíní. Ibẹ̀ ni mo ti rí aago méje tí mo sọ.

Ní ti owó, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé: àga àti iná títí di aago méje ni wọ́n ń sanwó fún, òjò Belgium kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Òjò tiwa náà wà ńbẹ̀ o. Bí kùrukùru bá ṣú lórí Súrùlérè, díìṣì lè pàdánù àwòrán, nítorí náà ẹ ní dátà sórí fóònù kan tí ẹ lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ wo ìdíje ipò ní Sátidé náà, èyí tó ń pinnu ibi tí kálukú máa ti bẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò lè tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe lára ọkọ̀ mọ́. Ní 2025, ìyẹ́ tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú òjò ni wọ́n fi sí ọkọ̀ Verstappen. Nígbà tí wọ́n máa fi jẹ́ kí wọ́n sáré, ilẹ̀ ti ń gbẹ lọ, ipò kẹrin ló gbà.

Bí òjò bá sì dá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lọ ra búrẹ́dì. Ilẹ̀ á máa gbẹ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí gbogbo wọn ń gbà kọjá, ẹ máa rí i tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Táyà òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù, àwọn asáré á sì máa wá ibi tí omi ṣì wà kí wọ́n lè fi tù ú. Ẹ wo àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn tí kò ní ohun tí wọ́n máa pàdánù ló máa ń kọ́kọ́ yà wọlé sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti gba táyà ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá yí ìdajì pápá láìyọ̀, gbogbo àwọn yòókù á rọ́ wọlé tẹ̀lé e.