Ẹ sọ ti ewé rẹ̀ fún mi, ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, sà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òdòdó kan wà lẹ́yìn ilé ìyá wa àgbà ní Ìsẹ́yìn. Ó pupa, ó sì ní yẹ́lò lára, ó rẹwà gan-an. Ìgbà òjò ló máa ń hù, á máa rọ̀ mọ́ ọgbà. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, a ò ní rí i mọ́. Mo ṣàpèjúwe àwọ̀ rẹ̀ fún áàpù kan lórí fóònù, orúkọ mẹ́rin ló kó fún mi. Ẹnì kan nínú gúrúùpù WhatsApp wa wá sọ pé òun mọ̀ ọ́n, pé egbò rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ sínú ògógóró fún làkúrègbé. Mo fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ kí n lè wá a rà fún bàbá mi. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú.

ÌDÁHÙN: Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ má fún bàbá yín ní nǹkan kan mu. Bí ẹ bá ti rẹ egbò kankan sínú ọtí, ẹ dà á nù síbi tí ọmọdé àti ewúrẹ́ ò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ òdòdó.

Irú ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan á ní ó funfun, òmíì á ní ó pọ́n, kò sẹ́ni tó ń sọ ti ewé. Ẹni tó ní òun ń wá òdòdó pupa tó ní yẹ́lò lára dà bí ẹni tó dé gáréèjì Ọjọ́ọ̀ tó ní òun ń wá ọkùnrin kan tó dé fìlà. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lé tó kún etí títì, pupa àti yẹ́lò ni. Ìdò, tí hóró rẹ̀ dúdú tó sì le, ní èyí tó pupa tí yẹ́lò ta sí i lára. Pride of Barbados tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé-ìwé ńkọ́? Pupa àti yẹ́lò. Ewé ajé tí àwọn míì ń pè ní mọ́ra, pupa àti yẹ́lò ni òun náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá ara wọn tan rárá, ọ̀kan nínú wọn sì lè ránni lọ sọ́run láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi áàpù yín. Ohun tí ẹ bi í ló dá yín lóhùn.

Àwọ̀ gan-an kì í dúró sójú kan. Ewé ajé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná, díẹ̀ ló kù kó jọ ewé. Tó bá ṣe díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di yẹ́lò, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà tó bá fi máa rọ, á ti pupa fòò. Àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là láàárín orí ẹ̀wọ̀n adẹ́lé máa ń jẹ́ yẹ́lò, àwọn àgbà tó wà létí á ti pọ́n. Ohun tí kòkòrò fi ń mọ èyí tí omi dídùn ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Tannáposó lè tan pupa, yẹ́lò àti funfun lórí ìdí kan ṣoṣo. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ kí n gbà gbọ́, ti àárọ̀ àbí ti ìrọ̀lẹ́? Ẹ sì tún rántí pé ojú ọmọdé lẹ fi rí i.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ilé àkójọ ewéko kan wà ní ọgbà àjọ tó ń rí sí ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn. Forest Herbarium Ibadan ni orúkọ rẹ̀. Ewéko gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ páálí ló kún ibẹ̀. Òdòdó tó pupa lọ́jọ́ tí wọ́n já a ti di aláwọ̀ tábà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó já a fi ní láti kọ àwọ̀ rẹ̀ sí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kó tó ṣá. Síbẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ á gbé páálí náà wò, á sì pè é lórúkọ. Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden tó fún ewé ajé ní orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, Gloriosa superba, lọ́dún 1753, iye fọ́nrán tó ń gbé ìyẹ̀fun nínú òdòdó ló máa ń kà. Kò dá àwọ̀ lóhùn.

Ohun tó wúlò nínú lẹ́tà yín ni ohun tí ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀: ó ń rọ̀ mọ́ ọgbà, ó sì ń pòórá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí ló jẹ́ kí n fura sí ewé ajé. Ewé ajé kì í fi igi rẹ̀ lọ́ mọ́ nǹkan. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ ló ń gùn tín-ín-rín, tí á sì ká mọ́ ohun tó bá kàn. Ewé òdòdó rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á yí padà sókè, etí wọn á ṣẹ́ kólokòlo, fọ́nrán mẹ́fà á nà síta yíká. Mo ní mo fura o, mi ò ní mo mọ̀. Lẹ́tà kì í ṣe ewé.

Ní ti egbò inú ògógóró: oró kan tí wọ́n ń pè ní colchicine wà nínú ewé ajé, ó sì pọ̀ jù nínú iṣu abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní egbò, àti hóró rẹ̀. Lóòótọ́, dókítà ń kọ colchicine fún ẹni tí gáùtù, irú làkúrègbé kan, ń dà láàmú, ibẹ̀ ni ahesọ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n hóró oògùn kan kì í sábà ju nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù lọ, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ta ló wọn ègé iṣu tó wà nínú ìgò yín? Iṣu méjì tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè má ní iye oró kan náà. Ní Sri Lanka, àwọn kan ti sè é jẹ bí ẹní jẹ ọ̀dùnkún, wọ́n sì kú. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń kọ́kọ́ dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, èèyàn á rò pé oúnjẹ ló ṣe òun. Àárẹ̀ tó ń pani ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n má fún un ní epo pupa.

Ẹ má rò pé ẹlẹ́wé ọmọ ni mò ń bá wí. Ìyá tó mọṣẹ́ rẹ̀ ní ọjà Bódè á já ewé, á rún un, á gbóòórùn rẹ̀, á bi yín pé ibo lẹ ti já a. Àwọn agbaninímọ̀ràn orí fóònù ni mò ń bá wí.

Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ padà sí ẹ̀yìn ilé yẹn. Ẹ má hú nǹkan kan. Ẹ ya fọ́tò ewé kí ṣóńṣó rẹ̀ hàn, ibi tí ewé ti so mọ́ igi, ẹ̀yìn òdòdó, àti èso bó bá wà, kí ẹ wá fi ránṣẹ́. Ní ti bàbá, kì í ṣe gbogbo orúnkún tó ń ro ni gáùtù. Ẹ mú wọn lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Onímọ̀ ewéko ni mí, n kì í wo orúnkún.