Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Láti Ọ̀nà Jíjìn Lórí Ìwà Ọmọdé: Olóòtú Dáhùn Ìbéèrè Yín

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 5, àwọn dókítà sì ti sọ fún wa pé ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe ṣòro fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí a bá ní kó fi eré sílẹ̀ kó wá jẹun, ńṣe ni yóò ju ara rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa ké, tí yóò sì máa gbá orí ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ onímọ̀ nípa ìwà ọmọ tó súnmọ́ wa jù lọ jìnnà gan-an, wọ́n sì ní mo lè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù. Ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó fi wíwò lásán kọ́ ìlù lílù. Ṣé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá wa. Ọkọ yín kò ṣì í sọ. Bí ó bá jẹ́ pé fídíò nìkan ni ẹ ó máa wò, tí kò sí ẹni tí yóò wo bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe é, ẹ ó ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò ní mọ iṣẹ́ náà. Bí olùkọ́ bá ń rí yín pẹ̀lú ọmọ, tó sì ń tọ́ yín sọ́nà bí ẹ ṣe ń ṣe é, jíjìnnà kò dí ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́.

Ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn JAMA lọ́dún 2015, lórí àwọn ọmọ 180 tí wọ́n ní ọ́tísíìmù, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 3 sí 7, tí ìwà wọn sì le. Fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n ń ṣàlàyé ọ́tísíìmù fún apá kan nínú àwọn òbí, wọ́n sì ń kọ́ apá kejì ní ohun tí wọn yóò ṣe gan-an nígbà tí ìwà náà bá dé. Nínú òǹkà tí àwọn òbí fúnra wọn ṣe, ìbínú àti ìjà àwọn ọmọ dín kù ní ìdá 47.7 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tí a kọ́ níṣẹ́, ó sì jẹ́ ìdá 31.8 lọ́dọ̀ àwọn tí a ṣàlàyé fún. Ojúkojú ni ti ìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ayélujára ni àwọn onímọ̀ fi tọ́ àwọn òbí sọ́nà láti ilé ìwòsàn ńlá tó jìnnà sí wọn, àwọn òbí fúnra wọn ló sì ń bá ọmọ wọn ṣiṣẹ́. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, ìwà tó ń dà wọ́n láàmú dín kù ju ìdá 90 nínú 100 lọ ní ìpíndọ́gba.

Ohun tí olùkọ́ tó dára yóò kọ́kọ́ bi yín ni ìdí tí ọmọ fi ń ṣe é. Ọmọ lè máa ké kí ẹ lè wo ojú rẹ̀, tàbí kó lè bọ́ lọ́wọ́ ohun tí kò fẹ́, tàbí kó lè rí ohun tó fẹ́ gbà, tàbí nítorí pé ara rẹ̀ ń gbádùn ìṣe náà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn yóò fi ní kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni ọmọ ṣe, kí ni ẹ̀yin ṣe lẹ́yìn náà. Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ kọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni àṣírí náà sábà máa ń wà. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ti rí i pé bí òun bá ti gbá orí, ẹ ó fi òun sílẹ̀ kí òun máa bá eré lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ náà yóò jẹ́ láti fún un ní ọ̀nà mìíràn tó lè fi tọrọ ohun kan náà, bí àwòrán kékeré kan tí yóò nà sí yín láti fi ní, “Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.” Ẹ óò sì tètè fún un ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá nà án, àní bí oúnjẹ tilẹ̀ ń tutù. Láti ọdún 1985 tí onímọ̀ méjì kan, Carr àti Durand, ti tẹ ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde ni àwọn onímọ̀ ti ń lo ọ̀nà yìí.

Mo ní ìkìlọ̀ kan. Bí ìwà kan bá ti ń mú èrè wá fún ọmọ, tí èrè náà sì dáwọ́ dúró, ìwà náà lè le sí i fún ìgbà díẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Fún ọmọ tó ń gbá orí ara rẹ̀, ẹ má ṣe dá nìkan gbìyànjú àti ṣàìkà á sí nítorí pé fídíò kan sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wo etí àti eyín rẹ̀, nítorí ìrora náà máa ń mú ọmọ gbá orí, lẹ́yìn náà kí onímọ̀ tó ń rí yín darí iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bí wọn yóò ṣe máa rí yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, àti iye ìgbà. Ẹ̀kọ́ tó péye máa ń ṣàlàyé, ó máa ń ṣe àfihàn, ó máa ń jẹ́ kí ẹ dán an wò, ó sì máa ń sọ ibi tó kù sí fún yín. Ṣíṣàlàyé àti ṣíṣe àfihàn rọrùn láti tà, nítorí náà ni wọ́n fi pọ̀. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2022 fún ìdílé àwọn ọmọ tí ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀. Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni mí. Mo ti parí ẹ̀kọ́ wákàtí 40 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ṣé mo lè máa pe ara mi ní Registered Behavior Technician, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí láti máa bá ọmọ ṣiṣẹ́ lórí ìwà lábẹ́ alábòójútó?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Wákàtí 40 náà jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí BACB, àjọ Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní orúkọ náà, ń béèrè. Ẹni tó kúnjú ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò, bí ẹ bá sì ti gba orúkọ náà tán, alábòójútó gbọ́dọ̀ máa wà pẹ̀lú yín fún ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 wákàtí tí ẹ ń fi ṣiṣẹ́ lóṣooṣù. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 pẹ̀lú, àjọ náà kò gba ìwé ìbéèrè tuntun mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó dùn mí pé àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ wákàtí 40 kì í sábà sọ èyí síta. Ohun tí ẹ kọ́ kò ṣòfò, ó lè wúlò nínú kíláàsì yín lọ́la, ṣùgbọ́n orúkọ náà kì í ṣe tiyín.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ń kọ́ mi láti ọ̀nà jíjìn ní kí n máa fi fídíò ọmọ mi ránṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀tọ́ yín ni láti bẹ̀rù. Ẹ bi í pé níbo ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí, ta ni yóò wò ó, ìgbà wo ni yóò pa á rẹ́, kí ó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣe ya fídíò ìwẹ̀ tàbí ìgbà tí ọmọ bá wà níhòòhò, ẹ má sì fi èyíkéyìí sí ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn òbí mìíràn wà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó fi ọwọ́ yín àti ojú ọmọ hàn ti tó. Bí olùkọ́ náà kò bá fẹ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀, ẹ ní kó máa wò yín lójú ẹsẹ̀ lórí Zoom láìgba ohùn tàbí àwòrán sílẹ̀.