Ẹ wo ata inú oúnjẹ kí ẹ tó ṣí wáìnì

Ẹ kú ìmúra àlejò o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹni mẹ́jọ ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ nílé yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹja yíyan tó ta dáadáa lẹ fẹ́ fún wọn jẹ, kéèkì á tẹ̀ lé e, ẹ sì fẹ́ ṣí wáìnì pupa olówó ńlá tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú láti ìgbà ìgbéyàwó yín. Ẹ wá béèrè bóyá á bá oúnjẹ náà mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i lọ́jọ́ náà.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ẹni 50 ọdún. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti fi ata, aáyù àti atalẹ̀ pa ẹja náà lára. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tu owó wáìnì jọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé 15% ni ọtí inú rẹ̀, mo sì rò pé bó bá ṣe le tó ni yóò ṣe kápá ata tó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àbùkù nídìí tábìlì, àmọ́ omi ni gbogbo wọn ń béèrè, wáìnì sì wà nínú ife bí mo ṣe dà á. Ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, tó rọra sọ pé ẹnu òun ń jó, pé bí òun bá sì ti mu wáìnì lé ẹja, ńṣe ló ń ṣe òun bí ẹni tó lá irin. Kì í ṣe owó ló dùn mí jù. Oúnjẹ tí mo fi ìfẹ́ sè fún un ni mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná ni ẹnu wa ka ata sí: iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ pé nǹkan gbóná ni ata máa ń jí, iṣan yẹn kan náà sì ni ọtí líle ń jí. Ẹni tó bá da wáìnì 15% lé ata, epo ló ń dà síná. Ìyẹn nìkan kọ́. Tèèpo tèèpo, tòun ti kóró, ni wọ́n máa ń pọn èso àjàrà di wáìnì pupa, ohun kan tó ń jẹ́ tánìn sì wà nínú wọn. Ẹ mọ bí tíì ṣe máa ń há ahọ́n bí ewé rẹ̀ bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná? Tánìn nìyẹn. Itọ́ tó ń mú ẹnu wa yọ̀ ló ń dì mú, ẹnu á wá gbẹ. Iyọ̀ àti ẹran ọlọ́ràá máa ń mú kó rọlẹ̀, àmọ́ ńṣe ni ata ń mú kó le sí i. Irin tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun lá ńkọ́? Òótọ́ ló sọ. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí ní Jàpáànì fi hàn pé irin díẹ̀ tó máa ń wà nínú wáìnì, pàápàá wáìnì pupa, ló ń fa òórùn ẹja burúkú lẹ́nu béèyàn bá mu ún lé ẹja.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dán ohun kan wò. Ẹ wá wáìnì funfun tí kò wọ́n, iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ wáìnì náà wò lásán. Ẹ lá ọsàn àti iyọ̀, ẹ tún tọ́ ọ wò: á rọ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn. Ẹ wá lá ṣúgà kẹ́ ẹ tó tún tọ́ ọ wò: á kan gógó. Inú ìgò kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọjọ́ tí mo ṣe èyí ni mo jáwọ́ nínú òfin pé funfun ni ti ẹja, pupa ni ti ẹran. Ohun tí wọ́n fi sè é ló ṣe pàtàkì jù. Adìẹ tí wọ́n fi bọ́tà sè àti adìẹ inú ọbẹ̀ tòmátì kò lè mu wáìnì kan náà. Tòmátì máa ń kan, wáìnì tí kò bá kan tó o á tẹ́ lẹ́nu. Ìdí rèé tí Chianti, wáìnì pupa ará Ítálì kan, fi bá a lọ dáadáa.

Fún ẹja yín, Riesling, wáìnì funfun láti Jámánì, ni kẹ́ ẹ wá, èyí tí wọ́n kọ Kabinett sí lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju 8% sí 10% lọ, ṣúgà díẹ̀ inú rẹ̀ á pẹ̀tù sí ata, kíkan rẹ̀ á sì bá ọsàn wẹ́wẹ́ mu bẹ́ ẹ bá fún un sára ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò dáadáa: bí ẹ bá rí trocken níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé adùn rẹ̀ ti tán, ọtí rẹ̀ á sì le ju ti ìyókù lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù dé nǹkan bí 8°C sí 10°C.

Ní ti kéèkì, wáìnì gbọ́dọ̀ dùn ju kéèkì lọ. Champagne tí wọ́n kọ Brut sí, tí gbogbo èèyàn ń ṣí síwájú kéèkì, ṣúgà inú lítà rẹ̀ kan kò tó gíráàmù 12, ẹ sì ti rí ohun tí ṣúgà ń ṣe sí irú wáìnì bẹ́ẹ̀. Moscato d'Asti, wáìnì dídùn láti Ítálì, ni mo máa ń gbé kalẹ̀ báyìí. Kò le, nǹkan bí 5% ni, ó ń hó díẹ̀díẹ̀, àwọn tí kì í mutí púpọ̀ náà sì máa ń gbádùn rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní pupa lòun fẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ fún un ní Beaujolais tó tutù díẹ̀. Tánìn rẹ̀ kò pọ̀, kò ní bá ẹja jà púpọ̀. Ní ti wáìnì ìgbéyàwó yín, ẹ dá a padà síbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, kí ìgò náà sùn sílẹ̀ kí ìdérí onígi rẹ̀ má bàa gbẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan bá wà nílé, ẹ yan ẹran màlúù ọlọ́ràá, iyọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ wá ṣí i.